Igbó Nínú Ìwé Òfin: Láti Bọ́mà dé Akúrẹ́, àti Ohun Tó Kan Wá ní Hausari

Ní ọdún 1966, nígbà tí àwọn ológun kọ́kọ́ gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú, tí Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi gun orí àlééfà tí kò sì lo ọdún kan níbẹ̀ tí ikú fi mú un lọ, ọ̀kan nínú àwọn òfin tí ìjọba rẹ̀ gbé jáde ni èyí tó dá lórí ewé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè ní Indian hemp, tí tọmọdé tàgbà wa mọ̀ sí igbó. Òfin náà le: ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ pé ó gbìn ín, ikú ni èrè rẹ̀, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 21, ẹni tó bá sì fà á, yóò fi ọdún 10 ó kéré tán jókòó sẹ́wọ̀n. Apànìyàn àti àgbẹ̀ tó gbin ewé wá di ẹgbẹ́ kan náà níwájú adájọ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àbádòfin tí àwọn aṣòfin ń gbé lọ gbé bọ̀ láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, pé kí a gba àwọn dókítà láàyè láti fi igbó ṣe ìwòsàn, kò lè yé ẹni tí kò bá mọ irú ẹ̀rù tó ti ìlẹ̀kùn náà, àti irú ọwọ́ tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ.

Igbó kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ láàárín wa. Bí a bá ka àwọn ewé tí Ọ̀sanyìn ẹlẹ́sẹ̀ kan, baba oníṣègùn, fi sí ìkáwọ́ àwọn adáhunṣe, láti orí ewúro dé orí ẹfinrin, láti orí rinrin dé orí ọ̀dúndún tí í sọ ara gbígbóná di tútù, a kò ní bá a nínú wọn. Àwọn àgbà oníṣègùn ọpọlọ wa tó kọ́kọ́ kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà sọ pé àwọn ọmọ ogun àti àwọn atukọ̀ ojú òkun tó ti ogun Hitler dé ni wọ́n gbé e wọlé. Àwọn ọmọ wa tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà láti bá Jàpáànù jà, tí wọ́n rí ikú lójúkojú nínú ẹgàn tí kì í ṣe ti baba wọn, ni wọ́n mú irúgbìn náà bọ̀ nínú àpò. Ṣùgbọ́n jíjẹ́ àlejò nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Dóńgóyárò tó fi ibòji bo òpópónà Maiduguri, tí ìyá àgbà ń se fún ọmọ tí ibà dá dùbúlẹ̀, Íńdíà ni òun náà ti ṣẹ̀ wá; ìlú yìí gan-an ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbìn ín ní Nàìjíríà, ní 1928, láti inú irúgbìn tó wá láti Gold Coast, Gánà òde òní. Ewé méjì ló ti ìlà oòrùn wá, a fi ọ̀kan ṣe ọmọ ilé, a sì de èkejì lókùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìwòsàn tí a so mọ́ igbó jẹ́ àṣà tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Ní 1839, dókítà ọmọ Ireland kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Calcutta, William O'Shaughnessy, kọ̀wé nípa bí òun ṣe fi oògùn tí a fi ewé náà ṣe wo àwọn tí gìrì ń gbé, títí kan ọmọ ọwọ́. Nígbà tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, oògùn náà bá a wọ ilé ìtajà àwọn apòògùn, ó sì wà nínú ìwé ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń to àwọn oògùn wọn títí di 1932, bẹ́ẹ̀ ni ti Amẹ́ríkà náà kò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940. Ohun tó yí padà ni pé ní ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Geneva, èyí tó parí ní 1925, aṣojú Íjíbítì dìde, ó ní ewé náà ń ba àwọn ènìyàn òun lórí jẹ́, kí gbogbo ayé fi òfin dè é pẹ̀lú àwọn oògùn olóró yòókù, àwọn tó kù sì gbà fún un. Nàìjíríà, tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tẹ̀lé ọ̀nà tí ọ̀gá rẹ̀ là. Òfin oògùn eléwu ti 1935 ka igbó mọ́ àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn lásán. Ẹ kíyè sí ọdún náà. Ogun kò tí ì bẹ́, ọmọ ogun kankan kò tí ì dé láti Bọ́mà. Òfin ti ń dúró de ewé náà ní èbúté kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi.

Lẹ́yìn òmìnira, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Aro ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ọmọ Lísàbí, ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ti di ohun tí àwọn onímọ̀ ń wádìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Ẹ̀gbá, àgbà nínú ìmọ̀, ẹni tó da ọgbọ́n òyìnbó pọ̀ mọ́ ti àwọn babaláwo tó sì mú kí àwọn ará abúlé gba aláàárẹ̀ ọkàn sílé, ló ṣí ilé ìwòsàn náà ní 1954. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tolani Asuni tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀ tẹ àpilẹ̀kọ jáde ní 1964 lórí wàhálà tí igbó ń dá sílẹ̀ láwùjọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Lambo náà kọ tirẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ: àwọn ọ̀dọ́ tó fi abúlé sílẹ̀ wá sí ìgboro, tí wọn kò ríṣẹ́, tí wọn kò ní alágbàtọ́, tí wọ́n wá ń fa igbó títí tí iyè wọn fi yí. Ẹ̀rí tòótọ́ ni, èmi kò sì ní bá wọn jiyàn. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ilé àwọn alárùn ọpọlọ ni àwọn àgbà méjèèjì dúró sí. Ẹni tí ewé náà bá tù lára, tàbí tí kò ṣe ní nǹkankan, kò ní ìdí kan tí yóò fi wá sí Aro. Òfin 1966 sì dé ní ọdún kan péré lẹ́yìn àpilẹ̀kọ Lambo, pẹ̀lú igi àti okùn lọ́wọ́.

Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àwọn ológun náà sì wá rí i pé òfin ikú kò mú kí oko igbó tán. Ní 1975 wọ́n yọ ikú kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ẹ̀wọ̀n ẹni tó fà á di oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari dé, èyí tó gbàgbọ́ pé pàṣán ni yóò tún ayé ṣe, ó sì tún mú òfin náà le ní 1984. Ọdún náà ni wọ́n gbé òfin mìíràn jáde tó fi ikú ṣe ìjìyà fún àwọn tó ń gbé kokéènì àti heroin, tí wọ́n sì yìnbọn pa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní oṣù kẹrin 1985, tí gbogbo ìlú figbe ta. Nígbà tó di 1989, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀, ó sì sọ gbígbin àwọn oògùn wọ̀nyí di ẹ̀wọ̀n gbére. Ọdún mẹ́tàlélógún nìyẹn láti 1966, òfin ń le, òfin ń dẹ̀, òfin tún ń le, àwọn ológun ló sì ṣe gbogbo rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, láìsí ilé aṣòfin tí ará ìlú lè wọ̀ láti sọ pé, ẹ dákun, èmi ni mo ń ṣàìsàn, ẹ gbọ́ tèmi.

Oko kò kúkú tán. Inú ẹgàn ilẹ̀ Oǹdó, Èkìtì àti Ẹdó ni igbó ti rí ilẹ̀ tó bá a lára mu, ìgbà tí owó kòkó sì já wálẹ̀ tí ìjọba tú àjọ tó ń ra kòkó ká ní 1986, àgbẹ̀ tí kò rí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ san mọ ewé tí àwọn oníṣòwò òru ń wá kiri. Ọ̀nà tí àwọn bàbá wa gbà kó obì wá sí ilẹ̀ Hausa àti ilẹ̀ Borno, ọ̀nà kan náà ni igbó gbà wá, nínú ìdí ọkọ̀, lábẹ́ àpò gàrí, títí dé Maiduguri, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní wíwí.

Ní àkókò tí òfin tiwa ń le sí i yìí, ìmọ̀ àti òfin àwọn ẹlòmíràn ń rìn lọ sí apá ibòmíràn. Ní 1964, ọdún tí Asuni kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀, Raphael Mechoulam àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì yọ èròjà tó ń pa ènìyàn bí ọtí nínú igbó sọ́tọ̀, wọ́n sì fi hàn pé òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Èròjà mìíràn wà tí kì í pa ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní CBD. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2018, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn olómi tí a fi CBD ṣe, Epidiolex, fún irú wárápá líle méjì tó ń bá àwọn ọmọdé jà, èyí tí oògùn tó wà tẹ́lẹ̀ kì í sábà ká. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ́ wa ní òfin 1935, yí ohùn padà, tó sì gba àwọn dókítà rẹ̀ láàyè láti kọ oògùn igbó fún aláìsàn. Lesotho ti ṣáájú gbogbo Áfíríkà ní 2017. Gánà ṣòfin tirẹ̀ ní 2020, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wọn fagi lé apá tó kan igbó níbẹ̀ ní 2022 nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, àwọn aṣòfin wọn sì padà tún un ṣe ní 2023. Ní oṣù kejìlá 2020, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè dìbò ní Vienna láti yọ igbó kúrò lára àwọn oògùn tí àdéhùn 1961 kà sí ohun tó burú jù tí kò sì wúlò fún ìwòsàn, 27 ló ní bẹ́ẹ̀ ni, 25 ló ní rárá. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ní rárá.

Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń rí bí irú àbádòfin báyìí ṣe ń rìn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. California ló kọ́kọ́ là á, ní 1996, nígbà tí àwọn ará ìpínlẹ̀ náà fúnra wọn dìbò pé kí aláìsàn tí dókítà bá gbà níyànjú lo igbó láìsí ìyà, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ wọn kò fọwọ́ sí i nígbà náà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin 1999 fi ọ̀rọ̀ oògùn àti májèlé sínú àwọn nǹkan tí ilé aṣòfin àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ilé aṣòfin Oǹdó kò lè ṣe é fún Oǹdó, ti Borno kò lè ṣe é fún Borno. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ewé tó ń hù ní ẹgàn Ọ̀wọ̀ ní Oǹdó fi di ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé Hausari, àdúgbò wa ní Maiduguri.

Rotimi Akeredolu, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, amòfin àgbà tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó, mọ èyí, kò sì jẹ́ kó dá òun dúró. Ní oṣù karùn-ún 2019 ó mú ọ̀nà Thailand pọ̀n pẹ̀lú ẹni tó jẹ́ alága NDLEA nígbà náà, Ajagunfẹ̀yìntì Muhammad Mustapha Abdallah, láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn lábẹ́ àbójútó ìjọba, nítorí Thailand ti yí òfin tirẹ̀ padà lópin ọdún tó ṣáájú. Gómìnà náà kò fi bò pé ìpínlẹ̀ òun ni orísun igbó ní Nàìjíríà. Ó ní ọjà rẹ̀ lágbàáyé yóò tó bílíọ̀nù 145 dọ́là nígbà tó bá di 2025, kí a má jókòó kí ó fò wá kọjá. Àwọn kan bú u, ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo kan sáárá sí ìgboyà rẹ̀, ó papò dà ní oṣù kejìlá 2023, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Benjamin Kalu, ọmọ Bende ní ìpínlẹ̀ Ábíá, tó jẹ́ agbẹnusọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin nígbà náà tó sì di igbákejì Olórí Ilé ní 2023, ló gbé àbádòfin náà kalẹ̀, pé kí a tún òfin NDLEA ṣe kí ìwé àṣẹ lè wà fún lílo igbó fún ìwòsàn àti ìwádìí. Ní oṣù kẹfà 2021 àwọn aṣòfin pe ìpàdé ńlá kan ní Akúrẹ́ Olóyèmẹkùn kí wọ́n lè gbọ́ tẹnu oníkálukú. Bí a bá ka ìtàn tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, a ó mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀: ọ̀rọ̀ tí àwọn ológun ti ń pa lẹ́nu láti 1966 di ohun tí a ń sọ níta gbangba, ní ìlú tí ewé náà ti ń jáde, níwájú àwọn tó fẹ́ ẹ àti àwọn tó kọ̀ ọ́.

Ẹni tó kọ̀ ọ́ jù ni ẹni tó di alága NDLEA ní 2021, Ajagunfẹ̀yìntì Mohamed Buba Marwa, ẹni tí àwa tí a pẹ́ ní Maiduguri kò ní í fi hàn ara wa, nítorí òun ni gómìnà ológun Borno láti 1990 sí 1992, ojú rẹ̀ sì ni wọ́n ṣe pín Yobe kúrò lára wa. Lójú rẹ̀, ilé tó ń jó ni a fẹ́ da epo sí. Ó tọ́ka sí ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2018, tó fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ló ń lo oògùn nílòkulò ní Nàìjíríà, tí mílíọ̀nù 10.6 nínú wọn sì ń lo igbó. Irọ́ kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Kò sí òbí kan ní Hausari, Kanuri ni o, Hausa ni o, Yorùbá ni o, tí kò rí ọmọ aládùúgbò tí tramadol àti wíwí ti sọ di ẹni tí ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ níbí ní 2009 kó ọgbẹ́ ọkàn bá àwọn ọ̀dọ́ wa, ọ̀pọ̀ wọn sì ń wá ohun tí yóò pa ìrántí náà rẹ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀rù Marwa kò ní ìdí, kò tí ì gbé níbí rí.

Síbẹ̀ mo gbà pé ìhà méjèèjì ló ṣi ọ̀rọ̀ náà gbé. Àwọn tó fẹ́ àbádòfin náà fi owó ṣíwájú, wọ́n ń ka bílíọ̀nù dọ́là létí ará ìlú títí aláìsàn fi di ẹni ẹ̀yìn; àwọn tó kọ̀ ọ́ sì fi ẹ̀rù dáhùn, bí ẹni pé ìgò oògùn tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀n ní ilé ìwòsàn àti èyí tí wọ́n ń wé nínú bébà lábẹ́ afárá jẹ́ ohun kan náà. A kì í bẹ̀rù ikú bẹ̀rù àrùn ká ní kí ọmọ ó kú sinni. Mọ́fíìnì tí wọ́n ń fún ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ lára, inú òpíọ̀mù ló ti wá, òpíọ̀mù sì ti ba orílẹ̀-èdè jẹ́ ju bí igbó ti ṣe lọ. Òfin 1935 kan náà tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ igbó fi fèrèsé sílẹ̀ fún mọ́fíìnì, ìjọba àpapọ̀ ló ń kó o wọlé, òun ló ń pín in fún ilé ìwòsàn, a kò sì sọ pé nítorí àwọn ọmọ ìta, kí ẹni tó ń kú lọ má rí oògùn ìrora. Ohun tí à ń béèrè fún igbó kò ju ohun tí a ti ń ṣe láti ìgbà Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Àwọn wo ló sì nílò rẹ̀ níbí? Borno wà láàárín ilẹ̀ tí àrùn yírunyírun, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, ti máa ń jà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ní 1996 ó ṣe ohun tí àwọn àgbà kò ní gbàgbé: ó mú ènìyàn tó ju 100,000 lọ ní Nàìjíríà, pàápàá ní Àríwá, ó sì pa èyí tó ju 11,000 lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò pa, ó fi àmì sí wọn lára: etí dídi, ẹsẹ̀ rírọ, àti wárápá tó máa ń tẹ̀ lé ọpọlọ tó ti fara gbọgbẹ́. Nínú irú wárápá méjì tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí oògùn CBD fún, ọ̀kan wà tí ìbàjẹ́ ọpọlọ láti inú irú àrùn bẹ́ẹ̀ lè fà. Ìyá tó gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀n kò bèèrè bílíọ̀nù dọ́là, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa igbó lójúde rẹ̀. Kí gìrì náà dín kù ni ó ń wá. Èmi kò sọ pé igbó ń wo jẹjẹrẹ sàn, nítorí kò sí ẹ̀rí rẹ̀. Pé ó ń dín èébì kù fún ẹni tí wọ́n ń fi oògùn líle tọ́jú, pé ó ń mú kí iṣan tó le dẹ̀ fún àwọn kan, ìyẹn ni àwọn dókítà ti rí. N kò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó lọ ra ewé lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìta kó sè é fún ọmọ rẹ̀. Kò sí ìwọ̀n nínú rẹ̀, ó sì lè pa ọmọ náà lára. Nítorí èyí gan-an ni a ṣe nílò òfin, kí oògùn tó mọ́, tó ní ìwọ̀n, tí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ wa, ti yẹ̀ wò, lè wà níbi tí dókítà ti lè kọ ọ́.

Àbádòfin Kalu kò di òfin kí ilé aṣòfin kẹsàn-án tó parí ní oṣù kẹfà 2023, ọ̀nà wa sì ni pé àbádòfin tí kò bá yọrí kí ilé kan tó tú ká, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún padà sí. Bẹ́ẹ̀ ni igbó ṣe wà lábẹ́ òfin 1989 títí di òní, ti aláìsàn àti ti oníṣòwò òru bákan náà. Aṣojú-ṣòfin 360 ló wà ní Àbújá, sẹ́nétọ̀ sì jẹ́ 109. Mẹ́wàá nínú àwọn aṣojú náà àti sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ni ti Borno. Ẹ̀yin ará mi, àwa tí a fi ìlú yìí ṣe ilé tí a sì ń dìbò níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín, ẹ lọ bá a nígbà tó bá wá sílé fún ọdún Iléyá tàbí Kérésì, ẹ ní kó dìde fún àbádòfin tó bá fi ìwé àṣẹ sọ́wọ́ ilé ìwòsàn, tó fi àbójútó oko sọ́wọ́ ìjọba, tó sì fi orúkọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Maiduguri sí inú àwọn tí yóò kọ́kọ́ rí oògùn náà gbà; ẹ sì sọ fún un pé nítorí àwọn aláìsàn ni ẹ ṣe wá.